Ẹni Tó Ń Já Ewé Lọ́jọ́ Jímọ̀

Mi ò ní búra. Ìyá mi kọ́ wa pé ẹni tó bá ń sọ òótọ́ kì í wá Kùránì kiri. Ohun tí etí mi gbọ́ àti ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ibi tí ojú mi ò dé, màá sọ pé ojú mi ò dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Aládùúgbò wa wà láàyè. Ìyá mi gan-an wà láàyè. Ẹni tí ò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí àdúgbò wa ní Nima kó wá bi wọ́n.

Hafeezah ni orúkọ mi. Aṣọ ni mo ń rán. Ilé tí bàbá bàbá wa kọ́ nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ilẹ̀ òkèèrè yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi Yusif sí. Títí dòní, ilé Anago, ìyẹn ilé Yorùbá, làwọn ará àdúgbò ń pè é. Yàrá mẹ́jọ ló yí àgbàlá ká. Àwọn ayálégbé ló wà nínú mẹ́fà, Yusif wà nínú ọ̀kan, èmi àti ìyá mi sì wà nínú èyí tó kángun sí ògiri.

Lábẹ́ fèrèsé yàrá wa ni igi òdòdó ìyá mi wà.

Kì í ṣe igi ńlá. Ó fi díẹ̀ ga ju ògiri lọ, ó sì pẹ̀ka láti ìdí. Bó bá tanná, òdòdó rẹ̀ á so jọ ní ṣírí ṣírí, àwọ̀ àlùkò tó rọ̀ lójú. Ọdún tí bàbá wa kú ni ìyá mi gbìn ín. Àràárọ̀ ló máa ń dúró tì í kó tó mu kókó, ògì gbígbóná rẹ̀. Bí ewé kan bá pọ́n, á já a. Bí ẹ̀ka kan bá gbẹ, á gé e. Kì í sì í da ewé tó bá já káàkiri. Orí sìmẹ́ǹtì ló máa ń tò wọ́n sí, á dojú wọn bolẹ̀, á kọ ìdí wọn sí ògiri. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní bó ṣe tẹ́ òun lọ́rùn nìyẹn.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ìyá mi ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. Ká tó gbé e dé ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ. Dókítà ní ká ní sùúrù. A ní sùúrù títí ọyẹ́ fi dé. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ò wù ú jẹ. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń fi sùn, kó lè máa wo fèrèsé.

Ọyẹ́ yẹn le. Eruku bo páànù, ó bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó bo aṣọ tí a sá. Nítorí náà, nígbà tí mo rí funfun lára ewé igi ìyá mi, eruku ni mo pè é. Mo fi ìka nù ún. Ó kúrò. Lọ́jọ́ kejì ó ti padà. Lọ́jọ́ kẹta ó ti pọ̀ sí i, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ku ìyẹ̀fun sórí ewé. Àwọn ewé tuntun ń ká kò. Àwọn tó fẹ́ yọ òdòdó ń já bọ́ láìṣí. Mo wo ewé mìíràn nínú àgbàlá. Eruku lásán ló wà lára tiwọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Yusif ti ọjà Odawna dé, níbi tó ti ń ta aṣọ. Ó dúró, ó ń wo igi náà.

"Igi yìí ń kú lọ," ó ní.

"Ara rẹ̀ ni ò yá, Bọ̀ọ̀dá."

"Hafeezah, mo fẹ́ kọ́ ilé ìwẹ̀ síbẹ̀ fún Màámi."

Òdìkejì àgbàlá ni ilé ìwẹ̀ wa wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ là ń gbé ìyá wa kọjá níwájú gbogbo ayálégbé, obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí láìbo orí rí. Òótọ́ ni Yusif ń sọ.

"Màámi máa ń wo igi náà o," mo ní. "Òun nìkan ni wọ́n ń wò."

"Kí ni wọ́n ń wò? Ewé tó bu?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bíríkìlà ń bọ̀. Sátidé kẹta láti òní. Ká gé e kó tó gbẹ tán."

Nígbà tí mo wọlé, kọ́tìnì fèrèsé ti ṣí díẹ̀. Ọwọ́ òsì ìyá mi wà lára rẹ̀. Ó ti gbọ́. Mo gbé kókó rẹ̀ wá, kò la ẹnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo já ẹ̀ka kékeré kan, mo dì í sínú ọ̀rá, mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn òdòdó lẹ́bàá títì. Mo bá bàbá kan níbẹ̀, Bàbá Àyìndé, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Kò fọwọ́ kan ẹ̀ka náà. Inú ọ̀rá ló ti wò ó.

"Láílákì làwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi ń pè é," ó ní. "Láílákì gidi kọ́. Láílákì gidi ò lè gbé ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì."

"Ṣé ó máa kú, Bàbá?"

"Àìsàn yìí kì í sábà pa igi. Ó máa ń dójú tì í ni."

Ó wá sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Kí n já gbogbo ewé tó ti bu. Kí n má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nídìí igi, kí n sun wọ́n. Kí n ṣí àárín rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè kọjá. Kí n máa fi omi gbígbóná fọ ọ̀bẹ mi kí n tó gé ẹ̀ka mìíràn. Kí n po sódà àwọn oníbúrẹ́dì díẹ̀ mọ́ omi ọṣẹ, kí n máa fọ́n ọn sára rẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" ó bi mí.

"Ìyá mi."

"Kí wọ́n máa ṣe é lọ."

"Ọwọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, Bàbá."

Ó di ẹ̀ka náà mọ́ inú ọ̀rá, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Máa ṣe é bí o bá ṣe mọ."

Mo ṣe é ní Ọjọ́rú. Mo ṣe é ní Ọjọ́bọ̀. Ewé pọ̀, ọwọ́ mi kò sì tó òkè. Ibi tí mo já ewé lónìí, funfun á tún yọ níbẹ̀ lọ́la. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá Yusif ló gbọ́n jù mí lọ.

Jímọ̀ wá dé.

Ẹni tí ò bá gbé Nima rí kò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́ lákòókò ìrun Jímọ̀. Láti àárọ̀ ni ariwo ti wà: ọkọ̀, ọlọ, àwọn tó ń polówó ọjà, redíò ilé mẹ́wàá. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á ré lọ. Àwọn ayálégbé wa á jáde tọmọtọmọ. Èmi ni mo máa ń ti géètì láti inú nítorí olè, nítorí èmi nìkan ni mò ń dúró ti ìyá mi. Lọ́jọ́ yẹn, ọyẹ́ fi nǹkan bo oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bíi wàrà. Adìyẹ kan ò ké.

Mo ń kírun Àìlà nínú yàrá nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Tọ́.

Ìró kékeré, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ ẹ̀wà tútù. Ó dákẹ́.

Tọ́.

Mo parí ìrun. Kò dáwọ́ dúró. Kò yára, kò falẹ̀. Mo rò pé ayálégbé kan ló ṣẹ́kù sílé. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́nì kankan.

Irin géètì wà níbi tí mo tì í sí. Lórí sìmẹ́ǹtì, ewé wà ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Gbogbo wọn kọ ìdí sí ògiri. Mo gbé ọ̀kan. Omi rẹ̀ ṣì ń jáde níbi tí wọ́n ti já a.

Mo gbójú sókè. Téńté igi náà, lókè orí ògiri, níbi tí ọwọ́ mi ò dé, ewé bíbu ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí àga nílẹ̀. Kò sí àkàbà. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo sìmẹ́ǹtì náà bí aṣọ, ipasẹ̀ bàtà mi nìkan ló sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn dé, mo lọ bá Àǹtí Zuweira, tó ń se wàkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, tà níwájú ilé wa.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ já ewé?"

"Ewé wo? Mọ́sáláṣí ni mo wà, wàláì."

Mo mú un wá wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

"Àlájà ló máa ń tò ó báyìí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Àlájà dà?"

"Wọ́n wà lórí ibùsùn."

Àǹtí Zuweira rọra rìn padà sẹ́yìn. Mo kó àwọn ewé náà, mo sun wọ́n, bí Bàbá Àyìndé ṣe ní kí n ṣe.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo rí nǹkan kan. Gbogbo ibi tí èmi ti já ewé ni funfun ti padà. Ibi tí ẹni yẹn ti já a, ó mọ́ tónítóní. Mo sún mọ́ ọn, mo wo bó ṣe ṣe é. Kì í fa ewé ya bíi tèmi. Oríkèé ló ti ń ṣẹ́ ẹ. Ó ti yọ àwọn ẹ̀ka tó dí ara wọn lọ́nà nínú, àwọn tí mi ò tilẹ̀ rí pé wọ́n dí ọ̀nà. Ojú tì mí díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe é bó ṣe ṣe é.

Ní Jímọ̀ kejì, mi ò kírun lákòókò. Mo jókòó sídìí ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi wà lẹ́yìn mi lórí ibùsùn. Ariwo àdúgbò ré lọ. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

Tọ́.

Mo já ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀ka kan ṣì ń mì. Kò sí afẹ́fẹ́. Ewé mẹ́rin ti wà nílẹ̀, wọ́n tò. Mo yí igi náà ká. Mo wo ẹ̀yìn àgbá omi. Mo wo orí ògiri. Òfìfo ni gbogbo rẹ̀.

Mo padà wọlé, mo sì rí ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi.

Abẹ́ aṣọ ìbora ni mo fi í sí. Ó ti wà lókè aṣọ ìbora báyìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè. Lẹ́búlẹ́bú funfun wà lára àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀lé e. Mo gbé e sí imú. Ó ń rùn bí ewé tútù.

Orí mi wú. Irin ló wà lójú fèrèsé yẹn, wọ́n sì kan àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ ọn. Mo fọwọ́ yẹ àwọ̀n náà wò yíká. Kò sí ibi tó ya. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo fọ ọwọ́ náà. Ìyá mi ń wò mí. Mo wá ẹ̀rù nínú ojú rẹ̀, mi ò rí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mu kókó tán nínú abọ́. Láti oṣù kẹsàn-án, kò mu ún dé ìdajì rí.

Mi ò sọ fún Yusif. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ da iyanrìn sẹ́nu géètì wa. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù tì í. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lọ sídìí igi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó. Ó ti ń rúwé."

Òótọ́ ni. Ewé tuntun wínníwínní ti ń yọ lára àwọn ẹ̀ka, wọ́n ń dán. Yusif bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n. Mo rí i pé ó dùn ún.

"Ẹ fún un lóṣù kan," mo ní.

"Bíríkìlà ò ráàyè mọ́ lẹ́yìn Sátidé, Hafeezah. Ṣé ó wù mí ni? Màámi ni mò ń rò."

"Èmi náà."

Ó lọ.

Ní Jímọ̀ kẹta, mo ti pinnu. Mo ti géètì. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Mo jókòó sétí ibùsùn ìyá mi, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé tó bá jẹ́ òun ni, màá mọ̀. Tí kò bá jẹ́ òun, màá fa kọ́tìnì, màá wo ojú ẹni náà.

Àdúgbò dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wàrà yẹn wà lára kọ́tìnì. Òjìji igi wà níbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́.

Ọwọ́ ìyá mi méjèèjì wà lọ́wọ́ mi.

Tọ́.

Lára kọ́tìnì, òjìji ẹ̀ka kan tẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì padà sókè. Bí ìgbà tí èèyàn fà á mọ́ra, tó wò ó, tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Òjìji èèyàn ò sí níbẹ̀. Igi nìkan ni.

Tọ́.

Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ fa kọ́tìnì yẹn. Mo ti gbé ìdí kúrò lórí ibùsùn nígbà tí nǹkan kan dì mí lọ́wọ́ mú. Mo wo ọwọ́ mi. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ló dì mọ́ ọn. Ìka márààrún.

Ìyá mi la ẹnu. Ohùn tó jáde gbẹ, bí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ṣí tipẹ́.

"Jẹ́ kó parí," ó ní.

Mo jókòó padà.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀ka kan á tẹ̀, á padà. Òmíràn á tẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rù ò sì bà mí mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹni tó wà níta ń ṣe sùúrù pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lára ìró náà. Lẹ́yìn náà, láti mọ́sáláṣí ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn ṣe "Àmín" lẹ́ẹ̀kan náà. Òjìji igi dúró jẹ́ẹ́. Kò tún mì.

Mo la ọwọ́ mi. Lẹ́búlẹ́bú funfun wà lára ìka ìyá mi. Ó wà lára ìka tèmi náà.

Ewé méje péré ni mo bá lórí sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí Yusif dé láti mọ́sáláṣí, ó yọjú wọlé láti kí ìyá wa, bó ṣe máa ń ṣe. Kò retí ìdáhùn.

"Yusif," ìyá mi ní.

Ẹní ìkírun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, kò sì lè dìde. "Màámi! Màámi!"

"Kọ́ ọ sápá kejì," ìyá mi ní. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Apá kejì ilẹ̀kùn. Àyè wà níbẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, apá kejì ilẹ̀kùn ni bíríkìlà na okùn sí. Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́. A ò kàn wò ó rí ni.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ìyá mi ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò tíì gbé abọ́, ṣùgbọ́n ó ń ka tẹ̀sùbáà. Dókítà ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, ká máa dúpẹ́. A ń dúpẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, igi náà sì tanná débi pé àwọn tó ń kọjá ń yọrí wo inú ilé.

Mo ti bi ìyá mi léèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

"Màámi, ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí mi." Ó ronú díẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Mo rò pé ìwọ lo lọ bẹ̀ ẹ́ wá."

"Èmi kọ́, Màámi."

Ó wò mí, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," ó sì ń bá tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, èmi àti òun jọ jókòó síta, lábẹ́ òdòdó náà. Mo ti ti géètì. Àwọn èèyàn ti lọ. Kò sí ewé kan tó bu lára igi wa, mo ti wò ó láàárọ̀. Àdúgbò dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́.

Tọ́.

Ìyá mi gbé orí sókè. Mo wo igi náà. Kò mì.

Tọ́.

Ẹ̀yìn ògiri ni. Ilé Bàbá Adéògún ló wà níbẹ̀, bàbá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ láti ìgbà àwẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń gbàdúrà fún un nínú mọ́sáláṣí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìró náà ń lọ, kò yára, kò falẹ̀.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti débẹ̀," ó ní.

Mo mọ ilé Bàbá Adéògún dáadáa. Èmi ni mo rán gbogbo kọ́tìnì tó wà níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n dà sí gbogbo àgbàlá rẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Kò sí igi níbẹ̀. Kò sí ewé kan. Kò sí ohun kankan tó ń ṣàìsàn níbẹ̀ àfi bàbá náà.